Òjò Nìkan Kọ́ Ló Wà Nínú Àpò Mi

Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ọ̀rọ̀ àpò mi ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ó ti wúwo jù. Kì í ṣe pé mò ń gbé kọ̀ǹpútà kiri. Èyí tí mo fi ń ṣiṣẹ́ kì í kúrò lórí tábìlì ọ́fíìsì. Kì í ṣe oúnjẹ náà, torí ìyá onírẹsì kan wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ wa tí ọbẹ̀ rẹ̀ ti gbà mí lọ́wọ́ ìkòkò ìdájí. Síbẹ̀, bí mo bá gbé àpò náà kọ́ apá kí ilẹ̀ tó mọ́, èjìká mi kan á lọ sílẹ̀. Ọmọbìnrin aládùúgbò wa kan tó ń lọ sí iléèwé rí mi lẹ́nu géètì, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Àǹtí, ṣé ẹ̀ ń rìnrìn-àjò ni?" Mo ní rárá o, ibi iṣẹ́ ni. Ó wo àpò, ó wò mí, ó ní ó dàbọ̀. Ìbéèrè rẹ̀ bá mi wọ ọkọ̀, kò sì sọ̀ ní Mile 12.

Ẹni tó bá ń ti Ìkòròdú, Ṣàngó Ọ̀tà tàbí Mowe lọ ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó mọ irú àpò yìí dáadáa. Òun ni àwọn obìnrin máa ń gbé lé itan nínú BRT, tí àwọn ọkùnrin máa ń gbé kọ́ àyà nítorí àwọn ọlọ́wọ́ gbọọrọ. Bàtà kan wà nínú rẹ̀ tó yàtọ̀ sí èyí tó wà lẹ́sẹ̀, ẹ̀wù kan wà níbẹ̀ tó yàtọ̀ sí èyí tó wà lọ́rùn, agbòjò wà níbẹ̀, ọ̀rá oríṣiríṣi wà níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé kí ló dé, ìdáhùn ti wà lẹ́nu wa: ojú ọjọ́ Èkó ni, ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀ ọ́n. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi di àkọ́sórí. Mi ò gba ìdáhùn yẹn gbọ́ mọ́.

## Òjò tó ń pariwo, òjò tó ń yọ́ rìn

Ká má parọ́ mọ́ ojú ọjọ́, ó ní ìwà tirẹ̀. Òjò oṣù Igbe àti ti Ọ̀wàrà máa ń kọ́kọ́ rán ìjì níṣẹ́: atẹ́gùn á dìde lójijì, yanrìn á máa fò, ojú ọ̀run á dúdú kí ẹ̀kán omi àkọ́kọ́ tó já. Ìlà-oòrùn ni irú ìjì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbà wọlé, tí á sì kọrí sí ìwọ̀-oòrùn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wà ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú fi lè pe ẹni rẹ̀ ní Agége lórí fóònù pé kó tètè ká aṣọ wọlé. Òkúdu, oṣù kẹfà, kò mọ eré rárá ní tirẹ̀. Oṣù yẹn ni òjò Èkó ń pọ̀ jù lọ, nǹkan bíi mílímítà 300 nínú oṣù kan ṣoṣo. Nígbà tó bá fi di oṣù Ògún, atẹ́gùn tó ń gbé òjò wá á ti fà lọ sí Òkè Ọya, omi òkun etí ilẹ̀ wa á tutù, òjò á sì dín kù sí ohun tí kò tó ìdajì ti Òkúdu. Oòrùn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ràn. Ojú ọ̀run á kàn ṣú, á dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni òjò á tún padà wá jà títí di Ọ̀wàrà, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó gba ilẹ̀ ní Bélú, kí ọyẹ́ sì tó gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà dé bá wa ní ìparí ọdún.

NiMet, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde lọ́dọọdún nípa ìgbà tí òjò á bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Àgbẹ̀ nílò rẹ̀ gan-an ni. Ṣùgbọ́n ohun tí èrò ọkọ̀ fẹ́ mọ̀ yàtọ̀: ṣé òjò á rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà mi dé títì, láàárín aago márùn-ún sí mẹ́fà ìdájí? Ẹni tó bá lè sọ ìyẹn fún mi, màá máa san owó oṣù fún un.

Ohun tí ojú mi ti rí ni pé òjò ńlá kọ́ ló ń ba aṣọ èèyàn jẹ́. Òjò ńlá ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Bó bá ti ń rọ̀, gbogbo wa á sá sábẹ́ afárá, ọ̀gá gan-an á pẹ́ dé, kò sì ní sí ẹni tí yóò bi ọ́ pé aago mélòó lo wọlé. Òjò wíníwíní oṣù keje ni ọ̀tá. Kò pọ̀ tó kí o dúró dè é, kò sì kéré tó kó má rẹ ọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò fi wọ irun, tí yóò fi da pọ́dà ojú rú, tí yóò fi ba létí ṣòkòtò jẹ́. Bí o bá wá dé Erékùṣù, ilẹ̀ gbẹ níbẹ̀, wọ́n á ní, "Ṣé òjò rọ̀ lọ́dọ̀ yín ni?"

Nítorí náà ni mo ṣe ní òfin aṣọ tèmi. Jínsì kì í bá mi wọ ọkọ̀ láti Òkúdu títí di Ọ̀wàrà, torí tó bá mu omi láàárọ̀, ó di alẹ́ kó tó pọ̀ ọ́ padà. Aṣọ aláwọ̀ eérú kì í jáde nínú ẹ̀ẹ̀rùn: ibi tí òógùn bá ti kàn án, gbogbo ayé á rí i. Funfun àti búlúù tó dúdú dáadáa ló mọ àṣírí bò. Àǹkárá olówùú gba ooru, ṣùgbọ́n ó máa ń rún. Pọlíẹ́sítà kì í rún, kíá ló sì ń gbẹ, àmọ́ bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan ní Kétu, ara rẹ á sọ fún ọ. Bàtà aláwọ tó bá mu omi, ìwé ìròyìn là ń kì sínú rẹ̀ kó fi gbẹ sínú ilé. Ẹni tó bá sá a sóòrùn á gbé bàtà tó ti sán wọlé. Nínú ọyẹ́, òrí ni mo máa ń bù sínú agolo kékeré fún ètè àti gìgísẹ̀, nítorí òtútù ìdájí àti ooru ọ̀sán máa ń pín ọjọ́ kan náà mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Agbòjò tó tutù nínú dánfó tún ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ibo ni kó wà? Mo ti rí ibi tí ìjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ nítorí agbòjò tó ń kán sí orí ṣòkòtò ọkùnrin kan tó ti fi áyọ́ọ̀nù gún ún bí ọ̀bẹ. Obìnrin tó jókòó tì mí lọ́jọ́ náà kò dá sí i. Ó yọ ọ̀rá búrẹ́dì gígùn kan jáde, ó ki agbòjò tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ta á ní kókó, ó sì sùn lọ. Láti ìgbà náà ni mi ò ti ju ọ̀rá búrẹ́dì nù mọ́. Àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ní tiwa, ilẹ̀ ti tutù jù. Bí a ó ṣe tẹ ilẹ̀ gbígbẹ là ń wá.

## Bàbá aránbàtà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni okùn àpò náà já, nítòsí bọ́sítọ́ọ̀pù Agric. Bàbá aránbàtà kan máa ń jókòó síbẹ̀ lábẹ́ agbòòrùn ńlá, irú èyí tí àwọn tó ń ta káàdì fóònù ń lò. Mo kí i, mo fi àpò hàn án. Ó fi ọwọ́ kan gbé e wò, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀.

"Abẹ́rẹ́ mi ò lè ràn án bó ṣe kún yìí. Kó wọn jáde, ọmọ mi."

Ó tẹ́ àpò sìmẹ́ńtì sílẹ̀ fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù jáde ní gbangba, ojú sì ń tì mí díẹ̀, torí èrò ń lọ, èrò ń bọ̀. Agbòjò. Bàtà ọ́fíìsì nínú ọ̀rá. Ẹ̀wù òtútù tó nípọn. Bùláòsì kejì. Ìbọ̀sẹ̀. Táwẹ́ẹ̀lì kékeré. Lọ́fíńdà. Pọ́dà. Abẹ̀bẹ̀ kékeré oníbátìrì. Tọ́ọ̀ṣì. Páwà báǹkì. Àwọn ọ̀rá búrẹ́dì, tí mo ká pélébé-pélébé.

Bàbá ń ran okùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹrù mi. Ó fi abẹ́rẹ́ tọ́ka sí ẹ̀wù òtútù. "Èyí ńkọ́? Ṣé ọyẹ́ ti dé ni?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá. Ọ́fíìsì wa ló máa ń tutù. Amúlétutù ni."

"Ta ló ń tàn án?"

"Àwa náà ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín nínú imú. Ó bọ́ sórí bùláòsì. Mo ní òógùn ni, pé kí ọkọ̀ tó gun afárá Third Mainland, èyí tí mo wọ̀ láti ilé á ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn. Ó ní ṣé oòrùn ti máa ń mú tó bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ kùtù ni? Mo ní oòrùn kọ́, ọkọ̀ ló máa ń kún, họ́ọ̀lọ́ọ̀pù ló sì máa ń wà. Ó kan bàtà. Mo ní ẹrẹ̀ àdúgbò wa ni, pé sílípáàsì ni mo fi ń rìn dé títì.

"Wọn ò gbẹ́ gọ́tà fún yín níbẹ̀?"

"Wọ́n gbẹ́ ẹ dé ìdajì, wọ́n fi í sílẹ̀."

Nígbà tó dé orí tọ́ọ̀ṣì, kò bi mí mọ́. Òun náà mọ bí òpópónà ṣe ń ṣókùnkùn. Ó fi eyín gé òwú, ó sún agbòjò nìkan sí apá kan, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá gbogbo ìyókù sí apá kejì. Ó ní, "Èyí ni ti Ọlọ́run. Ìwọ̀nyẹn, ọmọ aráyé ló dì í fún ọ."

Ó gba owó rẹ̀, ó mú bàtà ẹlòmíràn, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mi ò rò pé ó mọ̀ pé òun sọ nǹkan kan. Èmi ni mo dúró síbẹ̀ tí mò ń kó ẹrù padà sínú àpò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí mò ń bi ìkọ̀ọ̀kan wọn léèrè ẹni tó ni í.

## Ta ló ṣe òtútù?

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀wù òtútù bẹ̀rẹ̀, torí òun ló gba àyè jù lọ. Kò sí oṣù kan nínú ọdún tí ọ̀sán Èkó ń tutù débi tí èèyàn á fi wọ irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, òun ni mò ń wọ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, nínú ilé tí oòrùn ń pa òrùlé rẹ̀.

Òtútù yẹn ní ìtàn. Ní àwọn ọdún 1960 ni Ole Fanger, onímọ̀ ará Denmark, bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tó fi ń sọ bó ṣe yẹ kí inú yàrá gbóná tàbí tutù tó kí ará fi tu àwọn tó wà níbẹ̀. Ìṣirò náà di òdiwọ̀n káàkiri ayé. Ní 2015, àwọn olùwádìí méjì ní Netherlands, Boris Kingma àti Wouter van Marken Lichtenbelt, kọ ọ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà Nature Climate Change pé ara ọkùnrin tó tó ẹni 40 ọdún, tó wọn kílò 70, ni òdiwọ̀n náà dá lé. Wọ́n ní ooru tí ara obìnrin ń mú jáde kéré sí èyí, pé òdiwọ̀n náà lè fi tó 35 nínú 100 bù lé e. Aṣọ pàápàá ní ìwọ̀n tiwọn, clo ni wọ́n ń pè é. Kóòtù pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀, bí àwọn òyìnbó ṣe ń múra lọ sí ibi iṣẹ́, ló tó ẹyọ kan.

Ó wá yé mi. Ọ̀gá á wọ kóòtù, á de táì mọ́ ọrùn nínú ooru Èkó, á wá sọ amúlétutù kalẹ̀ sí dìgírì 18 kí ara lè rọ̀ ọ́. Akọ̀wé tó wọ bùláòsì á gbọ̀n, á lọ ra ẹ̀wù òtútù, á máa gbé e láti Ìkòròdú lọ, láti Ìkòròdú bọ̀. Aṣọ ọ̀gá ló ń dá òtútù sílẹ̀, àpò akọ̀wé ló ń rù ú. Ní Japan, ní 2005, Yuriko Koike tó jẹ́ mínísítà àyíká nígbà náà dá ètò Cool Biz sílẹ̀: kí ọ́fíìsì má tutù ju dìgírì 28 lọ nígbà ooru, kí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ kóòtù, kí wọ́n tú táì. Iná mànàmáná ni wọ́n fẹ́ fi pamọ́. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé orí ẹni tó wọ kóòtù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ tiwa náà mọ ọgbọ́n yìí rí. Àwọn ilé àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí Maxwell Fry àti Jane Drew yàwòrán wọn, ògiri oníhò ló pọ̀ lára wọn, kí atẹ́gùn lè gba ìhà kan wọlé, kó gba ìhà kejì jáde. Ní Ifẹ̀, Arieh Sharon ya àwọn ilé ẹ̀ka Humanities tó fẹ̀ lókè tó ń kéré bọ̀ nísàlẹ̀, tí àjà òkè fi ń bo ti ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn àti òjò. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, wọ́n sì wo oòrùn wa kí wọ́n tó fa ìlà lórí ìwé. Ilé tí èmi ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ yìí ló ni í. Gíláàsì ni láti òkè délẹ̀, fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí.

Ìyá mi àgbà kò gbé irú àpò yìí rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọjọ́ ọjà tí kì í rìn láàárín Ìkòròdú àti Ṣàgámù. Ìborùn aláró kan ló ní. Òun ló ń dà bo orí nínú oòrùn, tó ń fi bo àyà nínú ọyẹ́, tó ń ká ṣe òṣùká bí ẹrù bá wà. Mo fi ìborùn wọ ọ́fíìsì rí dípò ẹ̀wù òtútù. Ẹni àkọ́kọ́ bi mí bóyá ara mi kò yá. Ẹni kejì ní níbo ni òde ọ̀hún wà.

Ooru inú ọkọ̀ ńkọ́? Òun náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ oòrùn tó bí mo ṣe rò, ọ̀rọ̀ ìrìn ni. Nígbà tí BRT bẹ̀rẹ̀ ní 2008 láti Mile 12 dé CMS, tó sì dé Ìkòròdú ní 2015, ohun tó ṣe fún wa ju ìjókòó lọ: ó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sáré kọjá ní Májídùn, atẹ́gùn orí omi á gba fèrèsé wọlé, òógùn á gbẹ. Bí àwọn ọkọ̀ mìíràn bá ti já wọ ojú ọ̀nà BRT, tí gbogbo wa dúró, ìgbà náà ni ẹ̀wù ń tutù. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Ìjú ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Agbádó àti Oyíngbò ní oṣù kẹwàá 2024. Ó ní òun kì í gbé ẹ̀wù kejì mọ́. Oòrùn tó ń ràn lé òun náà lórí ni ó ń ràn lé mi.

## Òjò ní ọ̀rẹ́ ní Èkó

Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Mo fẹ́ràn òwe yìí, mo sì máa ń pa á. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa á kọ́kọ́ kò tíì rí gáréèjì abẹ́ ilé. Ní Èkó, òjò ní ọ̀rẹ́: ẹni tó wọ ọkọ̀ nínú ọgbà ilé rẹ̀, tó bọ́ọ́lẹ̀ lábẹ́ òrùlé ọ́fíìsì. Bàtà kan ṣoṣo ló ń wọ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́. Ẹjọ́ rẹ̀ kọ́, mi ò bá a jà. Ìjà mi wà lórí pé òun ni a fi ń wọn àwa yòókù.

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, àwa Yorùbá sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Aṣọ tó rún, bàtà tó lẹ́rẹ̀, a máa ń kà á sí ìwà ẹni tó wọ̀ ọ́. Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́ ní ọ́fíìsì wa láàárọ̀ òjò. Ó dé ṣáájú àkókò, fáìlì rẹ̀ wà nínú ọ̀rá, gbígbẹ fúrúfúrú. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ ló tutù dé orúnkún. Kò sẹ́ni tó bú u. Wọ́n kàn gbé àga fún un níbi tó jìnnà sí kápẹ́ẹ̀tì. Ó fi ìwé rẹ̀ pamọ́ fún òjò, kò sì rí ohun tí yóò fi ara rẹ̀ pamọ́ sí, èmi rò pé ẹni tó bá mọ ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ dáàbò bò nìyẹn. Mi ò mọ ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́.

Tálákà ló sì ń san owó òjò. Ojú ọ̀run kàn ní láti ṣú, kọ̀ńdọ́kítọ̀ á ti fi kún owó ọkọ̀ kí ẹ̀kán kan tó já. Ẹni tó bá jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn dánfó á san iye kan náà, òjò á sì máa rọ̀ sí i lára. Bí omi bá sì gba títì, ẹni tó ń gbé èèyàn kọjá lẹ́yìn náà ní iye tó ń gbà.

Ní ti omi tó ń gba títì, mo ní ẹ̀rí kan tí mi ò lè fi pamọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àwọn fòfin de ike funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n fi ń di oúnjẹ, torí pé ó wà lára ohun tó ń dí gọ́tà. Mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo gọ́tà iwájú ilé wa, èyí tí wọ́n gbẹ́ dé ìdajì: ọ̀rá omi, ọ̀rá ìpékeré, ọ̀rá búrẹ́dì. Ohun tí mò ń tọ́jú sínú àpò kí omi má bàa kàn mí gan-an ló dí ibi tí omi ìbá gbà lọ.

## Dúrọ́ọ̀

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Bàbá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹrù padà fún àwọn tó ni í, bí agbára mi ṣe mọ. Ẹ̀wù òtútù ti ọ́fíìsì ni, ó sì ń gbé ní ọ́fíìsì báyìí, nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, òun àti bàtà. Mo bẹ àwọn tá a jọ wà nínú yàrá pé kí amúlétutù máa wà lórí 24. A fà á títí. Ọ̀gá kan ní òun á máa làágùn. Mo ní kí wọ́n bọ́ kóòtù, sà. Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, ó bọ́ ọ. Nígbà míì ó ṣì máa ń sọ ọ́ kalẹ̀ bí mo bá lọ jẹun.

Àpò mi fúyẹ́. Ìgbà tó fúyẹ́ ni mo tó rí àpò ẹlòmíràn. Ìyá kan wà tó ń gbá ọ́fíìsì wa, tó ń nu ilẹ̀ rẹ̀. Kí èmi tó dé, ó ti dé, ó ti pààrọ̀ aṣọ sí yúnífọ́ọ̀mù, ó ti ṣe àjà méjì tán. Àpò rẹ̀ tóbi ju èyí tí mò ń ráhùn lé lórí lọ. Ẹ̀yìn ilé jẹnẹrétọ̀ ló máa ń gbé e sí, lórí búlọ́ọ̀kù, torí kò ní tábìlì, kò ní dúrọ́ọ̀. Bí òjò bá fẹ́ gba ibẹ̀, á sáré jáde lọ gbé e. Mo bi í pé, "Mà, ẹ ò ṣe sọ fún wọn?" Ó ní, "Àǹtí mi, ta ni kí n sọ fún?"

Ìbéèrè rẹ̀ ní ìdí. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló gbà á síṣẹ́, tó wá fi í ránṣẹ́ sí wa. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó ọ́fíìsì pé kí wọ́n ṣe kọ́bọ́ọ̀dù kan tó ní kọ́kọ́rọ́ fún òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì gbé ohun ìfàgbòjòkọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fèsì pé àwọn agbálẹ̀ wọ̀nyẹn kì í ṣe òṣìṣẹ́ tiwa. Mo pe ilé iṣẹ́ tó gbà wọ́n. Wọ́n ní ilé yín ni wọ́n ń gbá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣe kọ́bọ́ọ̀dù. Mo tún kọ̀wé. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní kí n mú iye tí yóò náni wá, pé àwọn á wò ó. Káfíńtà àdúgbò wa ti gbà láti ṣe é. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ bi wọ́n léèrè iye bàtà tí yóò máa gbà.